Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ Gba Ọ̀sẹ̀ Kérésì Lọ́wọ́ Ìyá Ràfíù

Èmi gan-an ni mo gbé báàgì àwọn tó dáná sun ilé wa wọlé. Orí ara mi ni mo fi rù ú gun àtẹ̀gùn, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń kí wọn pé ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn na búrẹ́dì kan sí mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ó kù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó purọ́ fún mi. Ẹnì kankan kò sọ pé òun bá ẹni tó ni yàrá tan. Èmi Sàká ni mo ṣe irọ́ náà fúnra mi, tí mo gbé e fún wọn bí ẹni gbé omi fún àlejò. Mo ní, "Ẹ̀yin ni àbúrò Alhaji tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, àbí?" Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, àwa ni." Mo sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà yẹn pàápàá, àánú ni olùkọ́ fi tì mí kọjá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ilé kan ṣoṣo ní GRA, ní Onitsha níbí, kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ìwé mẹ́wàá máa ń wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Bàbá Múfú, ṣé iṣẹ́ ilé àlejò dáa? Ṣé ká lọ kọ́ ọ?" Àwọn mìíràn nínú wọn, Ìgbò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà, Pidgin ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Mo ní ẹ jókòó. Ìdáhùn mi gùn, inú sì ń bí mi. Ẹ máa fara dà á.

Ilé tí mò ń wí yìí kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn oníṣòwò wa láti Ìṣẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìkirè ló pawọ́ pọ̀ rà á, láyé ìgbà tí ẹni tó bá wá ra ọjà ní Onitsha ń sùn lórí ẹrù rẹ̀ nínú páàkì. Yàrá mẹ́rin péré ló ní, gbogbo wọn kò sì lè gbé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá pín ọdún bí ẹni pín ẹran Iléyá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ tirẹ̀: ọ̀sẹ̀ yìí ni tìẹ, èyí tó ń bọ̀ ni tèmi, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí po lọ́dọọdún, ọmọ á sì jogún rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ rẹ bá pé, o wọlé. Tó bá parí, o kó ẹrù rẹ jáde, ì báà jẹ́ ìwọ ni ọba ìlú rẹ. Ilé Àjọni la ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ kan wà nínú ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni. Ọjà ńlá á ti tì, àwọn onílùú á ti kọrí sí abúlé wọn. Mùsùlùmí tó wá ra táyà, kí ló fẹ́ ṣe ní Onitsha lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ kẹ́yìn ni wọ́n gbé ọ̀sẹ̀ náà lé lọ́wọ́, Bàbá Ràfíù, aláwo tánganran. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé eegun ọrùn ló kàn án. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní eegun náà ń bẹ lára ẹran.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gba àlàyé: ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà kò gba àlàyé, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò gba àkókò kó tó tán. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ogidi ni, ìlú Ìgbò kan lẹ́bàá Onitsha níbí. Ilé ìsinmi àwọn òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó gbà á síṣẹ́. Nna anyị ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ní èdè wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n tẹ́ ibùsùn. Mo tẹ́ ẹ, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kọ́ afárá. Ọkùnrin náà di ojú méjèèjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí aṣọ náà láti ìgbèrí dé ìgbẹ̀sẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Ó la ojú.

"Saka, who sleep for this bed?"

"Nobody, sah."

"Goat sleep here."

Ó fa gbogbo rẹ̀ tú dà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni ewúrẹ́ yẹn sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejìlá, ó ra ọwọ́ títí, kò tú u, ó jáde. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Eléèédú ni áyọ́ọ̀nù wa nígbà náà. O máa kọ́kọ́ fẹ́ eérú rẹ̀ síta kó o tó gbé e lé aṣọ. Lọ́jọ́ kan mo yára, iná ta pàrà, ó dá ihò sí aṣọ ibùsùn funfun tuntun kan. Nna anyị kò nà mí. Ó ní kí n máa fi aṣọ náà bora fún oṣù kan gbáko, kí èmi àti ihò náà lè mọ ara wa dáadáa. Ẹ̀fọn Onitsha sì mọ ihò náà jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n òfin tó tẹnu mọ́ jù ni pé a kì í wádìí àlejò. Kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, dárúkọ ara rẹ, má wo ohun tó wà lórí tábìlì. Béèrè ìgbà tó fẹ́ omi, béèrè ìgbà tó fẹ́ oúnjẹ, ó tán. Ó ní àlejò kì í ṣe ẹlẹ́jọ́. Èyí sì bá ẹ̀kọ́ ilé tèmi mu rẹ́gí. Ní Ìkirè wa, ẹni tó bá wá láti ọ̀dọ̀ àgbà, omi lo máa kọ́kọ́ fún un, o kò gbọdọ̀ bi í pé báwo lo ṣe jẹ́ sí i. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ méjì yìí bá ara wọn pàdé lórí mi, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n sì bí òmùgọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá àwọn mẹ́rin tó dáná sun ilé wa ṣe irọ́ wọn.

Ẹni tó ni yàrá tí wọ́n wọ̀ ti di olóògbé, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló tà fún wọn. Kò mọ̀ wọ́n rí, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n rí ju ọjọ́ tí wọ́n sanwó lọ. Kò sọ fún mi, kò sọ fún ẹgbẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé á mọ̀ pé a kì í lo wáyà tí a fi ń se omi nínú yàrá, nílé ìdáná nìkan ni. Ta ló máa sọ fún àwọn wọ̀nyí? Wọ́n fi wáyà sínú garawa ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí wọ́n lè fi omi gbígbóná wẹ̀. Iná ìjọba lọ. Àwọn náà gbàgbé, wọ́n gba ọjà lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, iná dé. Omi gbẹ, garawa yọ́, tìmùtìmù gbà á.

Nna anyị ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ó rò pé ènìyàn ń sùn níbẹ̀. Ó sáré gun òkè, ó ń pariwo, "Onye nọ ebe ahụ? Ta ló wà níbẹ̀?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ilẹ̀kùn mú, irin náà ti pọ́n. Kò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi ṣí, nígbà tó sì ṣí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Èmi ńkọ́? Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń ké pe Ọlọ́run ní èdè mẹ́ta. Ẹsẹ̀ méjì ni mo ní, ẹ̀rù mi ní mẹ́rin, òun ló máa ń ṣáájú mi débi gbogbo. Àwọn aládùúgbò ló bu omi. Nígbà tí iná kú ni mo tó gbé garawa tèmi wá, omi kún un dẹ́nu. Obìnrin kan wò mí, ó ní, "Oga, carry your water go house, e fit spoil."

Ọwọ́ ọ̀gá mi san, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ sún kì, kò mọ gbígbóná mọ́, kò mọ tútù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó padà síbi iṣẹ́. Mo tẹ́ ibùsùn, ó di ojú, ó fi ọwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Good." Kò dára. Mo ń fi ojú mi rí ibi tó ti wúnjọ. Mo dúró kó jáde, mo tú u, mo sì tún un tẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ ni mò ń ṣẹ́pè fún gbogbo ẹni tó bá ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Kò pé ọdún tó fi padà sí Ogidi lọ jókòó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra òfin tí ẹgbẹ́ ṣe lẹ́yìn iná yẹn. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ fún un jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn, Mùdá, oníṣòwò táyà, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ felefele, ló dìde tó là á kalẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣòwò, ọ̀sẹ̀ náà di ti ẹgbẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi sínú gíláàsì, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri àtẹ̀gùn. Èmi ni mo kan ìṣó rẹ̀.

Wọ́n sì gbé iṣẹ́ tuntun lé mi lórí, pé kí n máa bi àlejò bó bá sanwó. Ẹ wo wàhálà! Ẹ lọ bá àgbà tó ti Ìṣẹ́yìn bọ̀, tó gun ọkọ̀ láti àárọ̀, kẹ́ ẹ bi í pé ṣé ó sanwó kó tó wá kí àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa kó tó dá mi lóhùn, ó ní, "Mo sanwó. Ìyá rẹ ni mo san án fún." Mo wá kọ́ láti yí i ká: "Ẹ kú ìrìn mà. Báwo lẹ ṣe bá Alhaji tan?" Wọ́n á sọ fún mi. Òmíràn á ka ìran dé ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn, omi tí mo gbé lọ́wọ́ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ gbogbo ẹni tó sùn nílé náà, mo mọ ilé tó ti wá.

Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ ń yí padà ní kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù oníná dé, mo bá eléèédú dágbére láìsunkún. Ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, èékánná mi hù padà. Sólà gun orí òrùlé. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà yí padà. Kọ́kọ́rọ́ wa àtijọ́ so mọ́ igi tó tó ọmọ odó kékeré, kí àlejò má baà gbàgbé rẹ̀ sápò, ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ọwọ́ mi ló ti máa gbà á. Ní ọjọ́ kan wọ́n kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà, ó wọlé. Èmi Sàká di ẹni tó ń da ìdọ̀tí nù.

Ta ló mú ilẹ̀kùn náà wá? Mùdá. Ó ti di Alhaji Mùdá, ó ti di alága, ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń kú, àwọn ọmọ wọn ní Èkó àti ní òkè òkun kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ní Onitsha ṣe. Alága ń gbà á lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí i. Ìyẹn kò ta ko òfin. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ló ń mú kí orí máa fọ́ mi. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán yàrá wa, wọ́n gbé e sórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni láti ibikíbi lè sanwó kó wọlé. Mo rí àwòrán náà lórí fóònù Múfú ọmọ mi. Ibùsùn tí mo tẹ́! Ewúrẹ́ kankan kò sùn lórí rẹ̀, ó dán gbinrin, ó wà fún títà.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo ṣì ń béèrè ìbéèrè mi nítorí òfin wà lára ògiri. Ọkùnrin kan láti Asaba dé, mo ní báwo ló ṣe bá Alhaji tan.

Ó ní, "Na my brother."

Mo ní lọ́dọ̀ bàbá ni tàbí lọ́dọ̀ ìyá?

Ó rẹ́rìn-ín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Papa, na from phone."

Mo lọ bá alága. Mo ti ka ọ̀rọ̀ mi sórí láti ilé. Mo ní, "Alága, àwọn àlejò yín wọ̀nyí..."

Ó ní, "Sàká, ta ni alága?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Sàká ni, sà."

"O ti dáhùn ìbéèrè rẹ." Ó tún ní, "Yàrá tí ò ń gbé lẹ́yìn ilé yẹn, ṣé ó tù ọ́ lára?"

Mo ní ó tù mí lára gan-an. Mo tilẹ̀ dúpẹ́! Mo jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ mi. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi pa ẹnu mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá Ràfíù ti kú. Ìyàwó rẹ̀ jogún ọ̀sẹ̀ Kérésì. Aránṣọ ni Ìyá Ràfíù, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán lójú ọ̀nà Oba, ìlú kan nítòsí wa. Ayé sì ti yí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ti di góòlù, nítorí gbogbo ọmọ Ìgbò tó wà káàkiri ayé ló ń darí wálé ní Kérésì, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sùn bí ẹni wá oògùn. Ìdílé kan láti Oba, tí ilé wọn kò tíì ní òrùlé, wá bá obìnrin náà. Lọ́dọọdún àwọn kan náà ló ń wá. Kò fi í pamọ́ fún mi lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Bàbá Múfú, ẹ jọ̀wọ́, n kò fẹ́ purọ́ fún yín. Wọ́n fún mi ní nǹkan. Òun ni Ràfíù fi ń lọ sí yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa, kò sí òmíràn. Ohun tó bá tọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé àlejò yín."

Mo kọ "ọ̀rẹ́" sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ó rú òfin, èmi náà rú u. Ẹ bá mi wí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ á wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, á fi ilé ìdáná hàn wọ́n, á sọ ohun tí a kì í ṣe. Mo mọ orúkọ ìyá wọn. Mo mọ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú wọn.

Alága ní kí Ìyá Ràfíù bá òun ṣe pàṣípààrọ̀, kó gba ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù keje, òun á gba Kérésì. Obìnrin náà ní òun dúpẹ́, òun kò ṣe. Ọjọ́ kẹta, lẹ́tà jáde: Ìyá Ràfíù ti fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣòwò, ìpàdé máa jókòó lọ́jọ́ Àìkú láti gbà á. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ló ti kọ orúkọ ẹlẹ́rìí. Orúkọ mi ni.

Mo ka lẹ́tà náà fún ìyàwó mi nílé. Onídìrí ni Ìyá Múfú, ahọ́n rẹ̀ mú ju òòyà rẹ̀ lọ. Irun oníbàárà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Mo ní ara mi kò yá. Mo rò pé ibà ni.

"Ibà tó mọ ọjọ́ ìpàdé! Bàbá Múfú, tó bá jẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún ẹ̀rù bíbà ni, à bá ti kọ́lé sí Abuja."

"Ibi tí à ń gbé ńkọ́? Ó máa lé wa jáde."

"Ibi tí à ń gbé? Yàrá tí òjò ń wọlé wá bá wa sùn? Kó gbà á, kó fi òjò rẹ̀ kún un." Ó fa irun náà, oníbàárà ké yéè. "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọkọ mi ni mò ń dì."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n pé jọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, bí ogún ènìyàn. Ìyá Ràfíù jókòó lórí àga oníke sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wé gèlè dúdú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Lẹ́nu ọ̀nà ni Bàbá Làmídì jókòó sí, àgbà jù lọ nínú àwọn tó dá ilé sílẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti di, ó ń jẹ ẹ̀pà, gbogbo wa rò pé ó ń sùn. Alága ka òfin. Ó kà á dáadáa, òun ló ṣáà kọ ọ́.

Ó ní, "Ìyá Ràfíù, ṣé ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Oba, àbí ẹ kò gbà?"

"Mo gbà."

Pálọ̀ hó. Ẹnìkan ní áà, ó jẹ́wọ́! Bí ẹni pé òótọ́ ló burú.

Alága rọra rẹ́rìn-ín. "Ká má baà sọ pé a fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu opó, Sàká, dìde. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo dìde. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo fèrèsé, mò ń wọn èyí tó sún mọ́ mi jù. Ojú mi wá bọ́ sórí àtẹ̀gùn, níbi tí gíláàsì òfin wà, mo sì rántí ọwọ́ ọ̀gá mi. Inú bí mi. Mo ń sọ fún yín, ẹ̀rù kò tán lára mi, inú tó ń bí mi ló kàn ga jù ú lọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Ó gbà á. Ṣé kí n dúró síbẹ̀, àbí kí n máa bá a lọ?"

"Kí lo fẹ́ máa bá lọ?"

"Orúkọ àwọn tó sanwó, sà. Ti Ìyá Ràfíù, ìdílé kan ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tiyín ni kò jẹ́ kí n mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò yín kan wà lókè lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣé kí n pè é?"

Alága ní, "Sàká, jókòó."

N kò jókòó. Mo gbé ohùn sókè sí àtẹ̀gùn, "Oga, abeg come!" Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti táwẹ̀ẹ̀lì lọ́rùn, ìfófòó ọṣẹ wà létí rẹ̀. Ó wo gbogbo wa yípo. Ẹnìkan bi í pé ta ló mọ̀ nílé yìí.

Ó ní, "I no know anybody. I book am for phone. I don pay reach Tuesday, so if na meeting una wan take comot me, I no dey go anywhere o." Ó yíjú sí mi. "And Papa, water no dey rush for up."

Ìyá Ràfíù nìkan ló rẹ́rìn-ín. Alága bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní tòun yàtọ̀, pé ilé ń fẹ́ ọ̀dà, pé jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, pé ẹni tó ń ṣe alága ní ìnáwó tí opó kò ní. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wo ilẹ̀. Ẹni tí kò gba táyà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín wọn kò pé márùn-ún. Alága rí i pé wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ó tún mú ìwé náà, ó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn kí a gba ọ̀sẹ̀ Kérésì nawọ́ sókè. Mo rí ọwọ́ kan. Mo rí ìkejì. Ìyá Ràfíù ń wo ọwọ́ wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń gòkè.

Ìgbà náà ni Bàbá Làmídì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára agbádá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ yìí, iṣẹ́ gidi ni. Ẹ kọ́ ọ tí ẹ bá ní ọ̀gá tó lè tú ibùsùn yín dà nù lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ilé ń rí ohun gbogbo, ohun tó bá sì rí tó dákẹ́ lé lórí, ó di ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èmi jẹ gbèsè ọdún mẹ́fà. Oṣù kejì lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni wọ́n ní kí n lọ sinmi, wọ́n fún mi ní aago ògiri kan, ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ilé tí a háyà báyìí kò jò. Ọ̀sẹ̀ Kérésì ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Ràfíù, àwòrán yàrá wa sì ti kúrò lórí fóònù. Èmi kọ́ ni mo gbà á sílẹ̀ fún un, ẹ má bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá arúgbó yẹn sọ ló mú kí àwọn ọwọ́ tó ti gòkè wá ìmú wọn láti họ, tí alága sì ká ìwé rẹ̀ sápò tí kò tún yọ ọ́ mọ́.

Bàbá Làmídì kò dìde, kò sì pariwo. Ó ní, "Mùdá, ẹgbẹ́ wa kò tíì gba ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ọwọ́ wa kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Jẹ́ ká fi tìẹ kọ́ ọ ná, kó tó kan ti opó."